Ọmọ Méjì Inú Fọ́tò

Bí òjò bá ń ṣú bọ̀ láti ojú ọ̀sà, yàrá fọ́tò wa máa ń dà bí inú omi. Àwọn tó ti Bràsíìlì dé tí wọ́n kọ́ ilé náà fi gíláàsì aláwọ̀ ewé sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá máa gbọ̀n lára ògiri. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú fọ́tò máa ń mí. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ tó mi, òun náà á rí i.

Èmi ni Pélagie, tí àwọn ará ilé ń pè ní Kẹ́hìndé. Iṣẹ́ mi ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, ní Àjàṣẹ́, ni pé kí n máa mú àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì kiri, kí n sọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún wọn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ni, ìjọba Révolution sì ti ní kí ohun gbogbo yí padà. Ìgbìmọ̀ tuntun tó ń bójú tó ilé wa náà pàṣẹ tiwọn: fọ́tò tí ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í bá ṣe òtítọ́, kí á já a sílẹ̀.

Ó dára, mi ò bá òtítọ́ jà. Fọ́tò kan péré ló ń dà mí láàmú. Ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èmi ni mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Táíwò àti Kẹ́hìndé.” Èmi ni Kẹ́hìndé yẹn. Èmi náà ni Táíwò.

Ìkejì mi ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò náà. Nílé wa, bí ìbejì kan bá lọ, èyí tó kù kì í dá dúró nínú fọ́tò. Màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní Tokpota, wọ́n wọ gáùn fún mi, ó yà mí. Wọ́n bọ́ gáùn, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé àti fìlà Táíwò fún mi, ó tún yà mí. Ó wá tẹ méjèèjì sórí ìwé kan náà. Màmá fà mí létí pé, “Méjì ni yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá kà yín ní ẹyọ kan, ọjọ́ náà ni Táíwò yóò fà ọ́ lọ.” Mo ti ń hu ewú báyìí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Mèsié Hilaire kó kíláàsì rẹ̀ wá, òjò ṣú. Olùkọ́ ni, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òtítọ́ kàn wù ú bí iyọ̀ ti ń wu ewúrẹ́ ni. Ó kígbe ìjọba tuntun, pé ohun gbogbo ti yí padà, “Ehuzu!” Àwọn ọmọ dáhùn, “Dandan!” Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ yàrá náà, ohùn wọn rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. A rìn kọjá lára àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́, lára àwọn apẹja Sèmè, bí ẹni ń rìn lójú oorun. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì, mo yá ẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin kan, Fadilatou, kò tẹ̀ lé wa. “Tàńtí, àpá kan náà ló wà lókè ojú àwọn méjèèjì.” Ó yíjú sí mi. “Ó wà lójú tiyín náà.”

Ọmọ yìí, ojú rẹ̀ mà mú o!

Mèsié Hilaire sún mọ́ fọ́tò náà. “Kámáráàdì, ṣé ọmọ kan ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì?”

Táíwò ń wò mí lábẹ́ fìlà. Mo rántí onífọ́tò tó ní, “Táíwò, má rẹ́rìn-ín,” tí mo sì gbọ́ràn, tí ó dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà nínú bàtà mi. Nígbà tí wọ́n ń bọ́ ṣòkòtò náà, mo fẹ́ ké. Màmá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, nítorí a kì í sunkún ìbejì.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní. “Èmi ni.”

“Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Ó kú?”

Gbogbo kíláàsì yanu. Fadilatou fa ojú ro. “Mèsié! A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì. Ó lọ ṣẹ́ igi ni.”

Bí àwa àti àwọn Gun aládùúgbò wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn bí ìbejì kan bá lọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Mèsié Hilaire náà. Ojú tì í. “Ẹ má bínú, mo ṣì í sọ. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò náà wà bó ṣe wà.”

Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kà wá ní ẹyọ kan, mo sì dúró kí Táíwò wá fà mí lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù. Kò sí ohun tó fà mí.

“Ó kú,” mo ní. Bóyá wọn ò gbọ́, mo tún un sọ. “Ibà ló pa á. Ó máa ń bẹ̀rù adìyẹ. Ó máa ń sùn sí apá ọ̀tún mi. Ó kú.”

Ẹkún gbé mi níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo la ẹnu, mo ń sun ún bí ọmọ kékeré. Fadilatou wá di ọwọ́ mi mú, kò sì ní kí n dákẹ́.