Ibi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yàn ní Ìdòfin

Keziah kì í ṣe ẹni tí ń gba àhesọ gbọ́. Nọ́ńbà ni iṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún Ìdòfin ló rán an wá láti Ìlọrin, kó wádìí irú omi tí ará ìlú fẹ́ àti ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà. Kò bi wọ́n ní tààrà, nítorí ẹni tí a bá bi pé kí lo fẹ́, gbogbo rẹ̀ náà ni yóò ní òun fẹ́. Káàdì ló fi ń ṣe é. Kànga méjì ló wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lè jìnnà kí omi rẹ̀ mọ́ gaara, èkejì lè wà nítòsí kí omi rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Kí èèyàn mú ọ̀kan, tàbí kó ní òun kò fẹ́ ìkankan. Kọ̀ǹpútà ló to àwọn káàdì náà, tó lú wọn pọ̀ kí ohun rere kan má baà máa bá òmíràn rìn nígbà gbogbo. Láti inú ohun tí èèyàn mú àti ohun tó fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kan náà yóò wá sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ti wúwo tó lọ́kàn wọn.

Ibi mẹ́ta ni kànga náà lè wà: ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, tàbí Pápá, ilẹ̀ títẹ́jú kan nísàlẹ̀ ìlú tí koríko ti bò. Àwọn tó fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò sọ pé Pápá ni omi pọ̀ sí jù.

Keziah àti Abdulkareem, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́, gbé káàdì náà yí ìlú ká tán. Keziah jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n wọ̀ sí, ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò. Ìṣirò náà kọ̀, kò parí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Pápá ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀, kò rí ibi fẹsẹ̀ lé.

"O ti tẹ nǹkan kan ṣì," ni Abdulkareem wí.

Keziah tún un ṣe. Bákan náà ni. Ó wá ń wo ìdáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnikẹ́ni tó mú Pápá. Kódà níbi tí káàdì ti fi Pápá sẹ́nu ọ̀nà wọn, tí omi rẹ̀ mọ́, tí kò sì sí èrò níbẹ̀, omi pípọ́n ọ̀nà jíjìn ni wọ́n mú. Àgbẹ̀, oníṣòwò, onígbàgbọ́, mùsùlùmí. Ẹnu gbogbo ìlú kì í kò báyìí, kódà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Rafiat, ìyàwó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ìlọrin.

"Rafiat, ṣé o mọ Pápá?"

"Rárá, Àǹtí. Mi ò tíì débẹ̀ rí."

"Kí ló wá dé tí o kò mú un?"

Rafiat wò ó bí ẹni pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣebí ìyá tí ẹ jọ wá ló ní kí n má mú un."

"Ìyá wo?"

"Èyí tó dúró lẹ́yìn yín. Ẹ bá ti gbé káàdì Pápá jáde, á máa mirí sí mi. Omi ń kán lára ìró rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ wá aṣọ gbígbẹ fún un."

Keziah bojú wẹ̀yìn. Ó rántí dáadáa pé ògiri lòun fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà.

Ó yà sílé Naimat tó ń ta gààrí. Naimat náà béèrè pé ìyá yẹn ńkọ́, ṣé aṣọ rẹ̀ ti gbẹ. Ibẹ̀ ni Keziah ti sáré lọ bá Bàbá Ìbítóyè, ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò.

Ó bi í nípa Pápá. "Kànga kan wà ní Pápá kí wọ́n tó bí mi," ni Bàbá wí. "Yèyé mi ló sọ fún mi. Ọmọ kan já sí i, ìyá rẹ̀ bẹ́ tẹ̀lé e. Wọn ò rí ìkankan yọ. Ni wọ́n bá to igi lé e lẹ́nu, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rò pé ó ti tán nílẹ̀ ni."

"Bàbá, kí lorúkọ ìyá náà?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ."

Keziah pe ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Bándélé, lórí fóònù, ó ní ìṣirò náà kò parí.

"Yọ ọ̀rọ̀ ibi tí kànga yóò wà kúrò nínú ìṣirò náà, yóò parí," ni ọ̀gá wí. "Pápá la ó gbẹ́. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ti kọjá ìlú Òsì."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró."

"Nítorí kí ni?"

Keziah pa fóònù náà. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Pápá, Abdulkareem sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ńlá náà ti ń forí lé inú koríko. Keziah lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ bú u, ó fọn fèrè, obìnrin náà kò yẹ̀.

Abdulkareem gba ọ̀pá irin gígùn kan lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó ń fi gún ilẹ̀ kiri. Ilẹ̀ le, ilẹ̀ le. Lójijì ni ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wọlẹ̀ lọ. Yẹ̀pẹ̀ ya wálẹ̀, ihò dúdú sì là níwájú táyà ọkọ̀. Atẹ́gùn tútù jáde láti inú rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí ìró ọ̀pá. Ó pẹ́ kó tó ta sómi.

Awakọ̀ tó ń bú èébú rọra fa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbẹ́ kànga tuntun náà sí, omi sì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti Pápá. Wọ́n fi símẹ́ńtì dí ẹnu ti àtijọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà, lémọ́ọ̀mù náà ṣe àdúà. Nínú ìròyìn rẹ̀, Keziah kò yọ ọ̀rọ̀ ibi tí kànga yóò wà kúrò. Ó kọ ọ́ pé kò sí iye ohun rere tó lè mú ará Ìdòfin yan Pápá, kò sì ṣàlàyé kankan.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ojúlé tó wọ̀ pọ̀, gbogbo wọn ló sì ti ń kí i pẹ̀lú ìyá kan tí òun kò fojú rí. Títí di òní, bó bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, kì í lè fẹ̀yìn ti àga.