Tábìlì Ọlọ́lá Tó Gba Pápá Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Orí eékún ni mo wà nínú àlá tí mo lá lóru àná. Mo ń fi ọ̀dà funfun kun ìlà pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, oòrùn sì ń ta mí lẹ́yìn bí ata. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ ọkùnrin níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kì í kun ìlà wọ́kọwọ̀kọ. Ìlà tó bá wọ́, ìjà ló ń bí. Mo ti kun ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tán. Mo ń kun ìlà tí agbábọ́ọ̀lù máa ń dúró sí láti ju bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, nígbà tí tábìlì kan gba ẹnu géètì wọlé.

Ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó yó. Aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì to òdòdó oníke sí i láàrin. Kò kí mi. Ó lọ dúró gan-an lórí ìlà tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Ẹ sún," mo ní. "Orí ọ̀dà tútù lẹ dúró lé."

"A kì í sún tábìlì ọlọ́lá," ó dá mi lóhùn. "Ṣebí ẹ borí nínú ìdíje àkọ́kọ́?"

"A borí."

"Ẹgbẹ́ tó bá borí ní láti ní tábìlì ọlọ́lá. Ká ní ẹ pàdánù ni, kí ni ǹ bá wá ṣe níbí?"

Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo kun ìlà mi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, nítorí n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Bí mo ṣe gbórí sókè, a ti ń gbá ìdíje kejì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mákanjúọlá, balógun ẹgbẹ́ wa, ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá. Ọdún yìí ni ọmọ náà máa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí a bá dé àṣekágbá, òun ni ìdíje tó máa gbá kẹ́yìn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti sọ fún mi pé òun fẹ́ gbé ife ẹ̀yẹ náà lọ han bàbá òun. Bàbá yìí máa ń bi í léèrè pé irú ọlọ́gbọ́n wo ló ń ju nǹkan sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí.

Tábìlì ti gùn sí i. Àwọn ẹni ńlá ti jókòó sí i, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyí: gbogbo wọn ló kọ ẹ̀yìn sí pápá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń to tábìlì ọlọ́lá lóde, kí àwọn èrò lè máa wo ojú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe to eléyìí. Ọmọ ènìyàn ń fò bí ẹyẹ lẹ́yìn wọn, ẹnì kan kò yíjú. Wọn á ṣí omi inú ike, wọn á mu ẹnu kan, wọn á gbé e tì, wọn á ṣí òmíràn. Omi ẹnu ẹ̀rọ tó ti dógùn-ún lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ń lọ mu ní tiwọn.

Atọ́kùn ètò gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. "A kí alága ọjọ́ òní, Olóyè Ọlátéjú," ó ní. "A kí igbákejì alága. A kí aṣojú alága, tó wá dúró fún alága tó wà níbí."

Olóyè Ọlátéjú fi ìka pè mí láìyíjú. "Kóòṣì, ariwo bọ́ọ̀lù yẹn pọ̀ jù. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n rọra máa lù ú. N ò gbọ́ orúkọ mi dáadáa."

"Olóyè, ìdíje là ń gbá."

"Mo mọ̀. Ẹ gbá a jẹ́jẹ́."

Nígbà tí ìdíje parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóyè wá bi mí pé, "Ta ló borí?"

"Àwa ni, Olóyè."

"Ó dáa. Kí wọ́n fi àga kún àga."

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún náà ṣe ń lọ. Bí a bá ti borí, tábìlì á gùn, pápá á sì dín. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ mi fi mọ bí wọ́n ṣe ń sá láàrin àga àti ògiri, tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn lábẹ́ apá ẹni tó ń jẹ bisikíìtì. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń wá bá wa gbá kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, wọn á dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, kí wọ́n sì tó dìde, Mákanjúọlá ti ju bọ́ọ̀lù wọlé. Èmi ti sọ fún àwọn tèmi pé kí wọ́n kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Báyìí la ṣe ń borí, tí à ń borí, tí kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ àṣekágbá, bọ́ọ̀lù wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ń yí gbirigbiri láàrin ẹsẹ̀ àga.

"Kóòṣì," ó ní, "mo ń wá ilẹ̀, n ò rí ilẹ̀."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Tábìlì ti bo pápá láti ìlà dé ìlà. Ibi tó ṣẹ́kù kò tó ẹní, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, ẹgbẹ́ méjèèjì sì há síbẹ̀ bí ìṣáná nínú páálí. Wọ́n ti fún akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn àlejò ní àga àti bisikíìtì, òun náà sì ti kọ ẹ̀yìn sí wa.

Mo ní n ó lọ fi ẹjọ́ sun ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ́fíìsì rẹ̀ ti léfòó sókè lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ irin apẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo di àwọ̀n apẹ̀rẹ̀ mú, mo tẹ pátákó ẹ̀yìn rẹ̀, mo gun òkè, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì," ọ̀gá àgbà ní. "Mo gbọ́ pé ẹ ń borí."

"À ń borí, sà, ṣùgbọ́n a ò ní pápá mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé tábìlì kúrò."

"Ẹ̀yin lẹ fà á. Ká ní ẹ ń pàdánù díẹ̀díẹ̀ ni, ṣé ó máa gùn tó báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé tí wọ́n ń fi pósítì ránṣẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ kì í mọ ìwọ̀n."

"Sà, tábìlì ni mo ní kí wọ́n gbé."

"Èmi náà ní àga níbẹ̀." Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ rí oòrùn yẹn? Bí ó bá wọ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè, tábìlì la máa gbé ife fún. Òun ló ti wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì pàdánù rí."

Lójú àlá, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo jáde, mo tú okùn. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀run, ọ̀gá àgbà sì ń juwọ́ sí mi bí ẹni ń lọ ìrìn àjò.

Nígbà tí mo balẹ̀, Mákanjúọlá dúró dè mí.

"Sà, ṣé a ò ní gbá a mọ́ ni?"

"A ó gbá a."

"Níbo, sà?"

Rẹfirí ti fi fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè fọn ọ́n, nítorí atọ́kùn ètò ṣì ń kí àwọn ẹni ńlá. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ á dìde, á juwọ́ sí èrò, á sì jókòó padà ní ewúrẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Olóyè Ọlátéjú dìde ní ọkùnrin, ó jókòó ní òbúkọ onírùngbọ̀n, fìlà rẹ̀ sì wà láàrin ìwo méjèèjì. Gbogbo wọn gun orí tábìlì. Wọ́n jẹ bisikíìtì tọ̀rátọ̀rá, wọ́n jẹ òdòdó oníke, wọ́n sì dojú kọ aṣọ tábìlì.

"Olóyè," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń lọ."

"Wọn ò tíì ka oyè mi tán," ó ní, ó sì ń jẹnu wọ́múwọ́mú.

Kí wọ́n tó ka oyè rẹ̀ tán, aṣọ ti tán. Pákó tábìlì hàn sí gbangba. Ó tẹ́, ó dán, ó fẹ̀ tó pápá gẹ́lẹ́. Mo wò ó títí, mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè gbé agbábọ́ọ̀lù?"

"Omi àti bisikíìtì ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ yìí," tábìlì ní. "Ojú ń tì mí, Kóòṣì. Ẹ kùn mí."

Mo gbé ọ̀dà, mo gun òkè, mo kúnlẹ̀. Mo kun ìlà ẹ̀gbẹ́, mo kun ìlà ìparí, mo fa òbìrí àárín, mo sì ń ti ewúrẹ́ sẹ́yìn bí mo ti ń lọ. Oòrùn ti kan orí ògiri. Rẹfirí kì í mọ ènìyàn, ìlà ló mọ̀. Bí ó ti rí ìlà, ó gun tábìlì, ó fọn fèrè, fèrè náà sì gbé ohùn atọ́kùn ètò mì.

Olóyè Ọlátéjú ti fi eyín gbé bọ́ọ̀lù, ó ń rìn lọ. Rẹfirí tún fọn fèrè.

"Ó gbé bọ́ọ̀lù rìn láìlù ú mọ́lẹ̀. Ẹ jáde."

"Ṣé o mọ ẹni tí mò ń ṣe ni?"

"Mo mọ̀ yín. Òbúkọ tó wà nínú ìlà tí kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Ẹ jáde."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lé gbogbo wọn. Bẹ́ńṣì onípákó kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá pápá, ojú pápá ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Wọ́n tò sórí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá a?" Olóyè bi mí.

"Báyìí ni."

"Láti ọjọ́ yìí?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Olóyè."

Ó ṣẹ́jú. "Èwo ni tiwa?"

"Àwọn tó wọ búlúù."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń kùn pé, "Jù ú, ọmọ yìí, jù ú."

A kò ju àwọn àlejò lọ, àwọn náà kò jù wá lọ, ìlàjì oòrùn sì ti wọlẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Mákanjúọlá. Ó fò sókè, ó sì dúró sókè níbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," Mákanjúọlá ní.

"Wá rí mi lọ́fíìsì," ọ̀gá àgbà dáhùn láti ojú fèrèsé.

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, sà." Ó rọra fi bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè ìparí, oòrùn sì wọ̀.

Kí a tó mí, atọ́kùn ètò ti rí ohùn rẹ̀ padà. "Kí alága ọjọ́ òní wá gba ife." Gbogbo ewúrẹ́ orí bẹ́ńṣì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró lórí ìlà, mo na búrọ́ọ̀ṣì sí wọn, ọ̀dà sì ń kán láti ẹnu rẹ̀.

"Ẹni tó bá tẹ ìlà yìí, n ó kùn ún mọ́ pápá."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n jókòó. Mákanjúọlá gbé ife lé èjìká, ó gba ẹnu géètì jáde, ó ń sáré lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo dé agolo ọ̀dà, èmi náà bá tèmi lọ. Lẹ́yìn mi, atọ́kùn ètò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣojú alága.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, rédíò alájọgbélé mi sì ń ka ìròyìn òwúrọ̀. Ẹ mọ̀ pé lójú ayé pàápàá, ọ̀sán àná la gba ife, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n sì ń sọ. Mo fi orín sẹ́nu, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe alága. Wọ́n dárúkọ ẹni tó gbé ife kalẹ̀, àti ẹni tó gbà á lórúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti ẹni tó ṣojú fún ẹni tí kò lè wá. Mo ń retí orúkọ Mákanjúọlá. Wọ́n dárúkọ ẹni tó yá wọn ní àga. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n polówó ọṣẹ.

Mo fọ ẹnu mi tán, mo wọ bàtà, mo lọ sí pápá.