Olórí Tábìlì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun gùn dé, kó kó ọmọ kéékèèké lọ jẹun níta. Ìyá Aránṣọ ti kó tiẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì ti rí màbo. Nígbà tí Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń rá, abẹ́ tábìlì ló máa ń gbà rìn kiri, ọjọ́ kan ló tú okùn bàtà bàbá àgbà kan tó jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá dìde, ó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Wọ́n bí Àbúrò, ìyẹn obìnrin, òun ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, inú ọbẹ̀ ló máa ń sùn sí ní tirẹ̀. Nígbà tó tún yá, irùngbọ̀n Àkọ́bí hù, kò ju fọ́nrán mẹ́ta lọ, ló bá ń jókòó sí tábìlì ọ̀tọ̀ kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé òun ní òbí. Ìyá Aránṣọ bú u títí ó fi sú u.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ilé yẹn tí kì í yẹ̀. Ọmọ tó bá parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á lọ jẹun níta láti bá a yọ̀, òun ni yóò sì jẹ́ olórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Òun ló máa bá agbáwo tó ń gbé oúnjẹ sọ̀rọ̀, òun ló máa sọ ohun tí oníkálukú fẹ́ jẹ. Bàbá àti ìyá di ọmọdé nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Bàbá wọn, awakọ̀ akẹ́rù, ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ jẹ, ohun tí ayé bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Nígbà tó kan Àkọ́bí, ẹran mẹ́ta ló béèrè fún ara rẹ̀, ó ní omi lásán ni kí wọ́n gbé fún bàbá òun nítorí ikùn rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Bàbá mu omi rẹ̀ tán. Òfin ni òfin.

Ó wá kan Àbúrò, Àbúrò sì ń kólòlò.

Kì í ṣe kólòlò díẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun, ojú á pọ́n, ọrùn á le, ẹni tó ń gbọ́ ọ náà á máa làágùn. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ á ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ má da ara yín láàmú. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Inú á bí i. "Ta ló ń wá baba? Bàbá rẹ̀ wà nílé, ó ń hanrun. Ohun tó bá wu ọmọ mi ló máa sọ!" Kó tó sọ ọ́ tán, ọmọ á ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú s-s-s...", ìyá á sì ti sáré, "Sísọ́ọ̀sì? Òun nìyẹn." Bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọ́n ń bá a parí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá arúgbó gbé ẹrù. Ọmọ náà á kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, yálà ohun tó fẹ́ ni wọ́n mú wá tàbí òun kọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, Àkọ́bí wọ ṣọ́ọ̀bù wá. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá a bá agbáwo sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn á kàn máa wò ó ni."

Ìyá Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tó wà lọ́kàn òun náà nìyẹn. Kò tíì dáhùn tí Àbúrò fi gbórí sókè nídìí bọ́tìnnì tó ń ṣà.

"È-è-èmi ni o-olórí tábìlì."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ilé oúnjẹ náà kún lọ́jọ́ kejì. Agbáwo tó wá bá wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀, ojú rẹ̀ wà níbí, etí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà. Kí la fẹ́ jẹ?" Bàbá fi àgbọ̀n júwe Àbúrò fún un.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì àti adìẹ bàbá fà díẹ̀, ó jáde. Ti Àkọ́bí náà jáde. Ìyá Aránṣọ pa ẹnu dé bí ìgbà tó bá fi pínnì há eyín nídìí ẹ̀rọ. Ó wá ku ti ìyá, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà, torí ọgbẹ́ inú ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́, òun àti ata kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́.

"Ìyá mi, ọ-ọbẹ̀ ẹja. Kí a-ata ẹ̀... kí ata ẹ̀..." Ọ̀rọ̀ há. Ojú pọ́n. Wọ́n ń pe agbáwo ní tábìlì kejì.

"Kí ata ẹ̀ ta dáadáa! Ó ti yé mi, má ṣèyọnu."

Àbúrò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti mọ́ ọn lára. Kó tó mọ ohun tó ṣe, agbáwo ti lọ.

Ọbẹ̀ dé, ó pọ́n, ó ń rú èéfín, òórùn ata rẹ̀ nìkan mú bàbá sín. Àkọ́bí la ẹnu, ìyá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ti pinnu pé òun á jẹ ẹ́. Kí ọgbẹ́ inú dìde kó máa jó tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún ọmọ òun lónìí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yéni. Ó bu ṣíbí kan, ó gbé e mì. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí.

Àbúrò wo ojú ìyá rẹ̀. Irọ́ kì í pẹ́ hàn lójú obìnrin yẹn. Ọmọ náà fa àwo ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè.

Agbáwo sáré dé. "Omi ni?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ṣíbí míì? Bébà ìnuwọ́?"

"Ẹ d-d-dúró, bọ̀ọ̀dá." Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó le. "Ẹ má b-bá mi parí ẹ̀. M-mi ò tíì sọ̀rọ̀ mi tán."

Agbáwo dúró. Àwọn ará tábìlì kejì gbé ṣíbí dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé kóra jọ sórí ahọ́n Ìyá Aránṣọ, ó kó wọn mì. Àbúrò mí kanlẹ̀.

"Ì-ìyá mi ní ọgbẹ́ inú. Ohun tí mo f-f-f..." Ó há. Ó há pẹ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ náà pa ojú dé, ó là á. "...fẹ́ sọ ni pé kí ata ẹ̀ má p-pọ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, èmi náà sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa p-pààrọ̀ ẹ̀."

Ó jáde! Gbogbo rẹ̀ ló jáde láti orí dé ìrù. Ìyá Aránṣọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ rí láìsí ẹni tó bá a gbé e. Ó ṣe é bíi kó gun orí àga, kó ké sí gbogbo àwọn tó ń jẹun pé ọmọ òun nìyẹn, inú òun yìí ló ti jáde. Bàbá, akọni lórí títì, ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ata ni, ata tí kò fẹnu kàn.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni agbáwo wí. "Ẹ̀bi mi ni." Ó gbé ọbẹ̀ náà lọ, ó sì gbé òmíràn wá tí ata rẹ̀ ò lè dun ọmọ ọwọ́. Ìyá jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, agbáwo padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, Àbúrò nìkan ló dojú kọ. "Ṣé nǹkan dídùn kan wà tẹ́ ẹ tún fẹ́, àǹtí?"

"Èmi, mo f-fẹ́..."

"Áísìkirimù," ni Ìyá Aránṣọ wí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kó tó mọ̀. Kí ló tún kù tí ì bá fẹ́? Láti kékeré ọmọ náà, áísìkirimù ni wọ́n máa ń rà fún un lẹ́yìn oúnjẹ, kò sì kọ̀ ọ́ rí.

Àbúrò yíjú sí i. "Màámi."

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, kò sì kólòlò sí i. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"K-kéèkì," ni Àbúrò wí fún agbáwo. "Áísìkirimù máa ń d-dùn mí léyín. Ó ti p-pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, Àkọ́bí dorí kọ tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Aránṣọ ń wo ọmọ tó bí, tó wẹ̀, tó ń ránṣọ fún, tó sì ti ń fi áísìkirimù dá lóró láti kékeré rẹ̀ wá. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ mú un lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọmọ yìí tí òun ò tíì gbọ́ pọ̀, ó sì dájú pé òun á gbọ́ ọ.

"Ẹ gé e k-k-k..." ni Àbúrò tún bẹ̀rẹ̀.

Agbáwo dúró. Bàbá dúró, Àkọ́bí dúró. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́ lẹ́nu, ó sì dúró.

"...kó tóbi."