Àjà Yàrá Keje

Mo-ti-Parí ni mo sọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tó máa ń kọ sójú rẹ̀ nìyẹn tó bá ṣírò tán, bí ẹni pé kò sí wàhálà kankan láyé mọ́. Èèyàn á kọ́ yàrá sínú rẹ̀: ògiri, ilẹ̀, àjà, fèrèsé, títí kan orí àwọn ọmọ tó máa jókòó síbẹ̀. Á sọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. Ètò náà á wá fi oríṣiríṣi àwọ̀ ṣàlàyé bí ohùn ṣe máa lágbára tó níbi gbogbo nínú yàrá, láti ilẹ̀ dé òkè, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi í jẹun. Kò já mi kulẹ̀ rí, àfi ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, nínú yàrá keje ilé-ìwé tí bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Etí bàbá mi ti ń di. Ẹ̀rọ tó fi sí etí méjèèjì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ohùn ti ń ta padà lára ògiri, ṣe ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ á béèrè nǹkan kan, bàbá mi á dáhùn nǹkan mìíràn, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí bàbá mi fúnra rẹ̀ kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, gbà pé kí n tún yàrá kan ṣe fún un. Ó ní ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè, òun á jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, á ka ìṣirò mẹ́wàá ní ohùn jẹ́jẹ́, Tíṣà, ìyẹn bàbá mi, á kọ ìdáhùn sójú pátákó. Tó bá gba mẹ́jọ, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Tí kò bá gbà á, kó lọ sinmi nílé.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sinmi. Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi ọjọ́ méjì, á ti to gbogbo ṣíbí ilé ìdáná láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù. Ẹ̀rù ohun tí ìjókòó sílé máa ṣe fún un bà mí gidigidi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣírò yàrá náà. Àjà ni mo gbọ́kàn lé: pákó funfun tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí lára, tójú ò lè rí téèyàn bá dúró nílẹ̀. Ohùn á gba inú ihò wọlé, kò ní padà. Kápẹ́ńtà kàn wọ́n mọ́ òkè lọ́jọ́ Fúráìdè. Mo-ti-Parí ní ohùn ò ní pẹ́ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ níbẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè, mo jókòó sẹ́yìn, mo ka ìṣirò mẹ́wàá. Bàbá mi gba mẹ́rin.

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Bàbá.”

A tún un ṣe. Ó gba mẹ́ta.

Mo fọ́ bàlúùnù kan níwájú máíkì mi. Ó ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí ariwo rẹ̀ tó kú. Mo wọn àga. Mo ka fèrèsé. Mo tún un ṣírò, Mo-ti-Parí tún ní ìdajì. Orí mi gbóná, mo pa kọ̀ǹpútà dé gbàgà. Bàbá mi gbé omi wá fún mi.

“Padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Àwọn nọ́ńbà ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.”

Láti kékeré ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, láti kékeré ló sì ti ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n mo padà. Mo sọ fún ètò náà pé kó gbà pé pákó àjà ò ní ihò kankan. Iye tí bàlúùnù sọ gan-an ló gbé jáde. Mo lọ wá àkàbà, mo gùn ún, mo fi ìka ra pákó. Ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ọ̀dà ti bo gbogbo ihò.

Bàbá mi ti lọ pààrọ̀ ẹ̀wù. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló wọlé.

“Mà, ta ló kun àjà yìí?”

“Wọn ò sọ fún ẹ ni? Tíṣà mà ni. Gílóòbù ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wá rí i pé pákó tí kòkòrò ti jẹ ni kápẹ́ńtà kàn síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dí àwọn ihò yẹn, kí wọ́n tó kùn ún. Mo ní kí n bá wọn pe ẹnì kan, wọ́n ní rárá, ojú ò gbọ́dọ̀ ti ọmọ àwọn.”

Inú bí mi sí bàbá mi bí kò ṣe bí mi rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Lẹ́yìn náà mo wo àkàbà tí mo dúró lé, bó ṣe ń mì, mo sì rántí orúnkún bàbá mi tó máa ń dùn ún. Mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bínú sí.

Aago méjì lù. Bàbá mi dúró síwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó nàró ṣánṣán. Ọ̀gá ti ṣí ìwé rẹ̀ ní ìlà ẹ̀yìn kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kà á. Ọ̀dà ti dí ihò àjà. Tá a bá pààrọ̀ àwọn pákó yẹn, wọ́n á gbọ́ yín.”

“Ta ló ní kí wọ́n kùn ún?”

“Èmi ni.”

Ó wò mí títí. “Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ nìyí? Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé o.”

“Ẹ kọ ọ́, Mà.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì,” ó ní, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Bàbá mi ń wo ẹnu wa láti iwájú, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo lọ bá a.

“Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá. Mo ṣe àṣìṣe níbi àjà.”

Ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá ti jáde. Ó wá tẹ orí sí etí mi.

“Mo mọ̀,” ó ní wúyẹ́wúyẹ́. “Mo ti bá ẹ bò ó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀dà funfun ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

“Ẹ ṣé, Bàbá,” mo wí sí i létí, kó lè gbọ́. “Ẹ má tún gun àkàbà mọ́.”