Omi Táǹkì Tó Mọ́ Gaara

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mizue bu omi táǹkì kejì sínú ìgò, ó rí i pé ó mọ́ gaara, àyà rẹ̀ sì já. Láísìnì ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe létí òkun Kyushu ní Japan, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Bakitéríà ló ń pèsè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi táǹkì fi máa ń ki. Bó bá ti mọ́, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, ó ti pa wọ́n.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, táǹkì mẹ́ta ti mọ́. Ọ̀gá Kusuda tó ń bójú tó àwọn táǹkì ní kí wọ́n fi ooru pa gbogbo ohun tó wà nínú wọn, ó wá ń béèrè ibi tí bàtà oníkálukú ti dé, torí inú ilẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà máa ń gbé. Mizue ní kò kọjá ilé òun. Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìdọ̀tí táǹkì lọ fi ṣe ajílẹ̀ nínú ọgbà ewébẹ̀ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì sì lè máa pọ̀ sí i níbẹ̀, bàtà ọgbà náà ló sì wọ̀ wọ yàrá irúgbìn, níbi tí wọ́n ń tọ́jú bakitéríà tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ táǹkì tuntun sí, lọ́jọ́ Sátidé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn bakitéríà tó wà nínú yìnyín náà ti kú. Ìgò mẹ́ta péré ló là á já. Àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ti yí àbùdá kan padà lára bakitéríà yìí lọ́jọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, kó má baà mọ ìgbà tí láísìnì tó, kó lè máa ṣe é lọ láìdúró. Bí àbùdá ọ̀hún bá ti sọnù lára àwọn mẹ́ta yìí, iṣẹ́ ti parí fún gbogbo ìlú.

Nígbà tí wọ́n ń retí èsì àyẹ̀wò, Mizue ò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bàtà mi ló gbé e wọlé. Láti ọgbà mi ni.”

Kusuda ti ilẹ̀kùn. “Ta lo tún sọ fún?”

“Kò sí.”

“Pa ẹnu mọ́. Èmi náà ń da ìdọ̀tí yẹn sídìí igi ọsàn mi. Ó lè jẹ́ tìrẹ, ó lè jẹ́ tèmi.”

Ìgbà yẹn ni Mizue rí i pé ẹ̀rù ń ba ọ̀gá ju òun lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ṣì ń ṣe láísìnì. Inú gbogbo èèyàn dùn, kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Àmọ́ Mizue lọ bá olùdarí ilé iṣẹ́, ó jẹ́wọ́ tirẹ̀, kò dárúkọ ẹlòmíì. Wọ́n dá a padà sídìí ìgò fífọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Kusuda náà lọ jẹ́wọ́, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni Kusuda fi yan Mizue lódì, torí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun lè pa ẹnu mọ́.