Gẹ̀ẹ́sì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

"Eré! Látàárọ̀, eré! Ṣé pápá ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí kíláàsì?"

Ọ̀gá Fábíyìí, olórí ilé-ìwé, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ọ́fíìsì. Hussainat Fàsásì, tíṣà Praimárì Tú, kọ́kọ́ fi eérú fa ìlà tó ti bẹ̀rẹ̀ parí sórí ilẹ̀ pupa. Ogójì ọmọ ti bọ́ bàtà, wọ́n ń mí gúlegúle, eruku Ṣàgámù ti sọ yunifọ́ọ̀mù funfun di aláwọ̀ obì.

"Kíláàsì náà rèé, sà. Ògiri nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Ìyá Yúnúsà, olóbì, tẹ̀ lé ọ̀gá lẹ́yìn. Ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ tó ya ní ìdí wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀rí ní kóòtù.

"Àǹtí tíṣà, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Fàrúkù, ọmọ ìyálé mi, ń kàwé lóhùn rara nílé. Tèmi, ṣe ló ń fò káàkiri bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni!"

"Ẹ gbọ́ bí?" Ọ̀gá na ìwé kan sókè. "Lẹ́tà rèé. Kí wọ́n gbé ọ kúrò lọ́dọ̀ mi, ìbáà jẹ́ abúlé Likosi ni wọ́n gbé ọ lọ. Kí n buwọ́ lù ú ló kù."

Hussainat wo lẹ́tà náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ ọmọ lórí bẹ́ǹṣì. "This is a book," wọ́n á gbà á lóhùn kan, ó á dùn létí bí orin. Bó bá wá ní kí wọ́n gbé ìwé ọ̀hún wá, wọ́n á tún gbà á: "This is a book," wọ́n á sì jókòó pa. Odídẹrẹ́ náà ń sọ̀rọ̀, ta ló gbà á síṣẹ́ akọ̀wé? Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 yìí ló kó wọn jáde sí pápá, tí Gẹ̀ẹ́sì wá ní ẹsẹ̀. Bí lẹ́tà yẹn bá lọ, ẹlòmíràn á dá wọn padà sórí bẹ́ǹṣì, odídẹrẹ́ ogójì.

"Ẹ dán wọn wò, sà. Ẹnu yín ni kí ẹ fi bi wọ́n. Bí wọ́n bá kùnà, èmi fúnra mi ni màá gbé lẹ́tà náà lọ."

"O ò tiẹ̀ bẹ̀rù?"

"Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ kì í sá fún ẹni tó fẹ́ wú u wò."

Ó sọ òfin eré náà fún un. Kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ẹnu bá sọ ni kí ẹsẹ̀ ṣe. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí Simawa, gbogbo kíláàsì á ní kó jókòó sílẹ̀. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Hussainat alára ti jókòó sínú eruku lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá dúró sórí ìlà eérú, ó yọ àyà síta.

"Yúnúsà! Run to the wall!"

Yúnúsà sáré fọwọ́ kan ògiri.

"Bring two stones!"

Òkúta méjì dé.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá dẹ pàkúté fún gbogbo wọn: "Don't jump!"

Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Háà!" Ìyá Yúnúsà gbàgbé ṣòkòtò tó ya. "Yúnúsà tèmi ló gbọ́ gbogbo ìyẹn?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ojú ọ̀gá ti fàro. Ó ká lẹ́tà sí méjì, ó tún tú u. "Fífò kọ́ ni ìwé kíkà. Ìwé kan wà lórí tábìlì mi, òun ló máa tú àṣírí yín lónìí."

Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí àwọn ọmọ, ó gbé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá jáde:

"Wait for me, all of you. I am coming."

Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó kọrí sí ọ́fíìsì. Ìṣísẹ̀ kan. Méjì.

Hussainat fẹ́ fi ìka sẹ́nu kí wọ́n dákẹ́. Ó ti pẹ́ jù.

"Sà!" Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni Yúnúsà nawọ́ sí. "Sà, you are going!"

Ọ̀gá dúró gbọn-in. Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, ogójì ìka ti tọ́ka sí ilẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sit down!"