Ọrun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣẹ́

Ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀gbọ́n mi fa ọrun bàbá wa, ọrun náà sì kán sí méjì. Ojú mi kòrókòró ló ṣe. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, búrẹ́dì kún ẹnu mi. Ó dún pàá! Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ìdajì ọrun lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdajì lọ́wọ́ òsì, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ó ti sán kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ẹ gbọ́ irọ́!

Kì í ṣe ọrun lásán. Ọrun kúkúrú ni, kò ga ju àyà ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi rẹ̀, tó sì lẹ iṣan màlúù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má baà kán bó ti wù kí wọ́n fà á tó. Ara ògiri pálọ̀ ló máa ń wà. Tíṣà wa ti ní kí olúkúlùkù mú ohun kan tí wọ́n fọwọ́ ṣe nílé wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. Bàbá gbà fún mi, ó tiẹ̀ so okùn rẹ̀ fún mi láàárọ̀ náà kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ìwé kẹrin. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, igi méjì tí iṣan so pọ̀ bí okùn bàtà ni mo gbé dé iwájú kíláàsì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé igi ìdáná lẹ fi ń ṣọdẹ nílé yín ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà gan-an rẹ́rìn-ín. Mo gbé igi mi, mo jáde, n kò sì padà mọ́ títí di òní. Bàbá nà mí, ìyá mi bẹ̀ mí, mo fi àáké kọ́rí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo lọ kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kàwé títí, ó di tíṣà. Ẹ wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀: ó lé mi kúrò nílé-ìwé, ó wá lọ jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Èmi kì í bá èèyàn jà. Mo kàn máa ń rántí ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi, "Ẹ káàárọ̀" ni mo máa ń kí i, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan, ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kó lè mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn la ṣì wà títí yóò fi jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo tẹríba fún un, mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Àwọn àna mi rò pé mo ti mutí.

Lọ́dún yìí ni mo wá gbọ́ pé ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin níparí oṣù kẹfà, ní ìlú tó jìnnà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Bó bá lọ láìjẹ́wọ́, ta ni n ó máa kí ní káàárọ̀? Mo pinnu pé n ó ṣe irú ọrun náà gan-an, n ó gbé e síwájú rẹ̀ lójú ìyàwó mi, n ó sì ní, "Ohun tẹ́ ẹ ṣẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́wọ́." Oṣù kejì la wà nígbà náà. Àsìkò ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀, nítorí iṣan kì í yára gbẹ.

Igi kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tó ti gbẹ fún ọdún mẹ́ta. Mo là á, mo fi ọ̀bẹ fá a, mo fi àfọ́kù ìgò ha á títí ó fi ń dán. Mo wá lọ bá alápatà fún iṣan ẹsẹ̀ màlúù.

"Iṣan nìkan? Kò sẹ́ran lára ẹ̀ o, Bàbá Káfíńtà."

"Mo mọ̀."

"Ṣé eyín yín ṣì gbé e ni?"

"Kì í ṣe jíjẹ. Mo fẹ́ fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó kó mẹ́wàá fún mi, ó sì rọra sún ọ̀bẹ rẹ̀ kúrò nítòsí mi.

Iṣan tó bá gbẹ máa ń le bí egungun. Orí òkúta ni mo gbé e sí, mo fi òòlù onígi lù ú fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹ́jẹ́, títí ó fi tú sí fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Gọ́ọ̀mù inú ike kò bá irú iṣẹ́ yìí mu. Awọ màlúù la máa ń sè títí yóò fi ki, tí yóò máa fà. Ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé, ọ̀kan ṣoṣo ni, èyí tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ó wọlé, ó dúró, ó di imú.

"Ta ló kú?"

"Gọ́ọ̀mù ni."

"Nínú ìkòkò mi? Bàbá ilé, nínú ìkòkò mi tí n kò tíì fi se omi rí?"

"N ó fọ̀ ọ́."

"Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ lọ sin ín. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jọ wọnú ẹ̀ kẹ́ ẹ parí ìjà yín níbẹ̀."

Mo rẹ fọ́nrán iṣan sínú gọ́ọ̀mù lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọrun, ìpele lórí ìpele. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kò dé, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Bí iṣan bá ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, ó sì ń fa igi dání. Nígbà tí mo tú aṣọ náà, ọrun mi ti tẹ̀ síhà ibi tí iṣan wà, bí ẹni tó bínú tó kẹ̀yìn séèyàn.

Ó ku kí n so okùn rẹ̀. Mo so ẹnu kan, mo fi orúnkún ti àárín ọrun, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó ti tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni yóò ti ṣe. Igi náà ké: kín-ín.

Ọwọ́ mi dúró. Mo mọ igbe yẹn.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. N kò tíì sọ ọ́ fún ara mi náà. Ní Ọjọ́bọ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ di ọjọ́ Ẹtì náà, mo wọ pálọ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Ara mi kò gbà á kó di ọ̀la. Mo gbé ọrun kúrò lára ògiri, mo fi orúnkún tì í, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó ti tẹ̀ sí. Ó ké: kín-ín. Ìlà kan yọ lára igi, tín-ínrín bí irun orí. Mo fi òróró pa á, ìlà náà kò hàn mọ́, mo gbé ọrun kọ́ padà.

Òdìkejì ni wọ́n ń tẹ irú ọrun bẹ́ẹ̀ sí. Iṣan ló yẹ kó máa na, nítorí òun ló lè fara dà á. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, igi nìkan ni ìyà yóò jẹ, yóò sì sán. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ̀. Àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń gbẹ́ igi jẹun, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni.

Mo yẹ ọrun tuntun náà wò lẹ́ẹ̀méje. Kò tíì sán. Èmi ni mo sán.

Mo sì ti ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo bẹ ìyàwó mi kó sọ fún un pé n kò sí nílé.

"Ìkòkò mi ti lọ," ló wí. "Ẹ̀yin ò ní lọ síbì kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti nípọn sí i.

"Ẹ káàárọ̀," mo wí. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

"Káàárọ̀ o," ló dáhùn. Aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti kọjá.

Ó rí ọrun lórí tábìlì. Ó gbé e, ó ń fi àtàǹpàkò tọ iṣan ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìwọ lo ṣe é? Ó jọ ti Bàbá bí ìmumu." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. "Àbúrò mi, mo ti ń darúgbó, mo sì ń lọ. Ó dáa. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Gbà á bẹ́ẹ̀. Má bínú sí mi mọ́."

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Ẹ ṣeun, Bàbá Tíṣà! Ó parí o!"

Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún méjìdínláàádọ́ta nìyẹn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, irọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Kí n ṣáà ti dárí jì í, kó máa lọ. Mo ti la ẹnu. Mo tiẹ̀ ti mú ojú mi rọ̀ bí ojú olóore.

"Jẹ́ ká wo bó ṣe ń fà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, inú rẹ̀ ti dùn. Ó fi orúnkún ti àárín ọrun, ó di orí àti ìdí rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síbi tó ti tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́rin. Iṣan mẹ́wàá. Ìkòkò kan.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀!" mo figbe ta. "Ibẹ̀ náà ni mo tẹ ti Bàbá sí tó fi sán!"

Ìyàwó mi tó ń pàtẹ́wọ́ gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé ọrun sórí tábìlì. "O tẹ ti Bàbá síbo?"

"Síbẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

Ohùn tíṣà ló fi bi mí. N kò tíì dúró níwájú kíláàsì láti ìwé kẹrin. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, tí mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn," mo wí, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Sọ̀rọ̀ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."

Ìyàwó mi nìkan ló wà lẹ́yìn, ó sì ti gbọ́. Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," mo wí. "Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ."